Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kàlàbá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ọ̀rẹ́ Méjì tó Fẹ́ Wakọ̀ Gba Àwọn Ìpínlẹ̀ Gúúsù

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ ọ̀nà Ìlọrin, Jos àti Kano ju ọ̀nà Bìní lọ, nítorí pé òkè ọya ni òwò gbé àwọn baba wa lọ, bí ó ti gbé àwọn mìíràn lọ sí Gánà títí tí òfin ọdún 1969 fi lé wọn padà wálé. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi máa ń pọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ní òun àti ọ̀rẹ́ òun fẹ́ wakọ̀ gba ìhà gúúsù lọ dé Kàlàbá. Àwọn tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo dáhùn nísàlẹ̀ yìí. Mo pẹ́ díẹ̀ lórí àdéhùn àárín ọ̀rẹ́ àti lórí ìrìn òru, nítorí pé mo gbà pé nǹkan méjèèjì yìí ń ba ìrìn-àjò jẹ́ ju kòtò ojú títì lọ.

Ọ̀nà wo ni ó yẹ kí a gbà jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò ni ọ̀nà tó gba Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, tó yà sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì bá òpópónà márosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní lọ, gba Ọ̀rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà kejì gba Òṣogbo dé Iléṣà, ó gba Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀, ó sì gba Ìfọ̀n bọ́ sí Bìní. Ẹ tún lè ti Àkúrẹ́ lọ sí ìlú Oǹdó, kí ẹ yọ sí Ọ̀rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà Òṣogbo ni mo fẹ́ràn fún àlọ, nítorí pé àwọn tírélà tó ń ti òkè ọya bọ̀ lọ sí Èkó kì í jẹ́ kí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ sinmi, àti nítorí pé ó kúrú fún ẹni tó kọjú sí ìlà-oòrùn.

Àkúrẹ́ ni kí ẹ ti pinnu bóyá Ọ̀wọ̀ ni ẹ ó gbà tàbí Ọ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí máàpù nìkan pinnu rẹ̀ fún yín. Ẹ wọ gáréèjì àwọn ọkọ̀ Bìní, kí ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì bi àwọn awakọ̀ tó ti ọ̀hún dé láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ọ̀nà ti rí. Àwọn ni wọ́n mọ ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ títì, àwọn náà ni wọ́n sì mọ ibi tí àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, torí igbó tó wà láàárín Oǹdó àti Ẹdó kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi àìbìkítà kọjá láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Báwo ni ó ti jìnnà tó, ọjọ́ mélòó ni a ó sì lò?

Àlọ nìkan lé ní 700 kìlómítà. Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín yóò tẹ̀ nínú mẹ́tàdínlógún tó wà ní gúúsù Nàìjíríà: Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Ẹdó, Dẹ́lítà, Anambra, Imo, Abia, Akwa Ibom àti Cross River. Bí àgbàlagbà kan bá júwe ọ̀nà fún yín, tí ó sì ń pe ibì kan ní Bendel, Ẹdó àti Dẹ́lítà òde òní ni ó ń sọ, nítorí pé oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni ìjọba pín wọn sí méjì.

Mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti pín àlọ sí ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹ sun Bìní lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ sun Owerri lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì wọ Kàlàbá lọ́jọ́ kẹta. Bìní sí Asaba tó bí 130 kìlómítà, Onitsha sí Owerri sì tó bí 90, nítorí náà ọjọ́ kejì ni ó fúyẹ́ jù, ẹ sì lè fi òwúrọ̀ rẹ̀ wo ìlú Bìní. Ọjọ́ kẹta máa ń gba sùúrù. Ẹ ó ti Owerri lọ sí Aba, ẹ ó gba Ikot Ekpene dé Uyo, ẹ ó sì gba Itu àti Odukpani wọ Kàlàbá, bẹ́ẹ̀ ni apá ìkẹyìn yìí ti fìyà jẹ awakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹ má ṣe ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni ní Kàlàbá pé ẹ ó bá òun jẹun ọ̀sán.

Irú ọ̀rẹ́ wo ni ó yẹ kí ènìyàn bá rin irú ìrìn báyìí?

Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń lọ sóde ìnáwó lè jẹ́ ènìyàn rere, kí ó má sì jẹ́ ẹni tí a ń bá jókòó nínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni bí ó ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ó ṣì í. Ẹni tí kò lè gbọ́ "ẹ rọra" láìbínú nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní gbọ́ ọ lójú ọ̀nà Bìní, níbi tí títì ti gùn tí ó sì ń tan ènìyàn láti sáré. Ohun kejì ni bí ó ti ń bá olóúnjẹ, fọkanáísà àti ọmọdé tó ń ta omi sọ̀rọ̀, nítorí pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa bá pàdé ní gbogbo ọ̀nà, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀, ọ̀nà jíjìn sì ni kì í jẹ́ kí ó fara pamọ́.

Kí ọ̀rẹ́ méjèèjì sọ òtítọ́ nípa ìlera ara wọn kí wọ́n tó gbéra. Bí ẹnì kan bá ní ìtọ́ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí wárápá, tàbí tí ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí ẹnì kejì mọ̀ ọ́n, kí ó sì mọ ibi tí oògùn wà nínú ẹrù. Àṣírí tí a fi pa mọ́ nítorí ìtìjú nílé lè di ọ̀ràn láàárín igbó.

Bí ẹ kò bá tíì jọ rìnrìn-àjò rí, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tó súnmọ́. Ẹ wakọ̀ lọ wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí omi gbígbóná Ìkógòsì ní Èkìtì, kí ẹ sun ibẹ̀, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ ó mọ̀ ní kedere bí ẹ ti rí sí ara yín.

Báwo ni kí a ṣe ọ̀rọ̀ owó tí kò fi ní dá ìjà sílẹ̀?

Ẹ jókòó sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tijú láti kọ àdéhùn pẹ̀lú ọ̀rẹ́, wọ́n rò pé ó fi hàn pé àwọn kò fọkàn tán ara wọn. Mo rí i pé òdìkejì ni ó jẹ́, nítorí pé ohun tí a bá ti kọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kùn sínú. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan ti tó.

Ìlànà tí mo gbà pé ó tọ́ nìyí. Epo ọkọ̀ àti owó ibi tí ẹ ó sùn, ìdajì-ìdajì ni. Oúnjẹ, kí oníkálùkù san tirẹ̀, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun kò dọ́gba. Àbùkù tó ti wà lára ọkọ̀ kí ẹ tó gbéra, bíi bíréèkì tó ti jẹ tán tàbí bátìrì tó ti gbó, olówó ọkọ̀ ni kí ó tún un ṣe, kí ó sì tún un ṣe nílé. Èyí tí ọ̀nà bá fà, bíi táyà tó já sí kòtò, kí ẹ jọ san án. Owó ìtanràn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí ọkọ̀ nígbà náà ni kí ó san án. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ san ju ìdajì owó epo lọ, torí pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń gbó. Èyí náà kò burú, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ ti fẹnu kò kí iná tó tàn lẹ́nu ọkọ̀.

Láti ṣírò epo, ẹ mọ iye kìlómítà tí lítà kan ń gbé ọkọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, tí ọ̀nà sì jẹ́ 750 kìlómítà, lítà 75 ni ẹ ó fi lọ, kí ẹ sì fi bí 20 kún un nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bìní, Onitsha àti Aba. Iye tí wọ́n ń ta lítà kan yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí náà lítà ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, kí ẹ fi owó sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbéra. Kí ẹnì kan di àpò owó mú, kí ẹnì kejì máa kọ ìnáwó. Ẹ mú owó pẹlẹbẹ kéékèèké dání, torí pé ẹ̀rọ POS kì í ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì.

Ta ni yóò wakọ̀, fún wákàtí mélòó?

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní láísẹ́ǹsì, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín ní wákàtí méjì-méjì. Oorun kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, ẹni tó ń wakọ̀ sì ni ó máa ń mọ̀ ọ́n gbẹ̀yìn. Ẹni tó jókòó tì í ni kí ó máa ṣọ́ ojú rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹni yẹn náà sùn ní agbègbè tí ọ̀nà ti nira. Kí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé bí ẹni tó jókòó bá sọ pé "jẹ́ ká dúró," ọkọ̀ yóò dúró níbi tó bá dára, láìsí àríyànjiyàn. Ó lè ṣì í nígbà mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ ó pàdánù.

Ìwọ̀n eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí òpópónà márosẹ̀ ni 100 kìlómítà ní wákàtí kan, nínú ìlú sì ni 50. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí wọ́n ń ṣọ́ èyí ti wà láti ọdún 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà wọn fún pàjáwìrì ni 122. Kí ẹ̀yin méjèèjì ní in lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ṣé a kò lè fi òru rìn kí ọ̀nà lè dá?

Rárá o. Mo mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ńlá kan ń fi òru rìn, mo sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òru tutù, pé kò sí oòrùn tí yóò mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ṣùgbọ́n tírélà tó bàjẹ́ máa ń dúró sójú títì láìsí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ kì í sì rí i títí yóò fi súnmọ́ ọn ju bí bíréèkì ti lè ràn án lọ́wọ́ lọ. Kòtò tí ẹ̀ ń yà fún lọ́sàn-án, ẹ ó wọ inú rẹ̀ lóru. Bí táyà bá já ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ̀n, kò sí fọkanáísà, kò sí mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá dúró láti ràn yín lọ́wọ́ yóò máa bẹ̀rù yín bí ẹ̀yin náà ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Àṣẹ tí mo fi ń rìn ni pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ bá mi nínú ìlú. Bí ó bá ku díẹ̀ sí aago mẹ́rin tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àkúrẹ́, ẹ sun Àkúrẹ́. Ẹ pe ilé ìtura Bìní pé ẹ kò ní lè dé, kí ẹ gbà pé owó tí ẹ ti san lè wọmi. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ ti máa ń ṣe ara wọn níbi, nítorí pé ẹnì kan á ní "ó ti kù díẹ̀," ẹnì kejì kò ní fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí àṣẹ yìí wà nínú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nílé, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ìgboyà lójú ọ̀nà. Àwọn ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọmọ tó ń dúró dè yín kò béèrè pé kí ẹ tètè dé.

Láti wà ní Bìní kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kúrò ní Tákíé, nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ojú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Kí ni kí a yẹ̀ wò lára ọkọ̀, ìwé wo ni kí a sì mú dání?

Táyà ni mo fi ṣáájú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tó wà papọ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Táyà lè máa dán kí ó sì ti gbó, pàápàá àwọn tòkunbọ̀, ooru ọ̀nà jíjìn ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀. Ẹ wo sípíà táyà náà, kí ẹ rí i pé jáàkì àti spánà rẹ̀ wà níbẹ̀, pé spánà náà sì bá nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yín mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín wo bíréèkì, fáànbẹ́lítì, omi rádíétọ̀, bátìrì àti gbogbo iná, ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ, kí àyè lè wà fún àtúnṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ìkánjú ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò kì í sábà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nípa ìwé, ẹ mú láísẹ́ǹsì ẹni méjèèjì, ìwé ọkọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ìwé ìdánilójú pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, ìwé adójútòfò àti ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀. Bí dígí yín bá dúdú, ẹ mú ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọ̀pá pupa onígun mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìpaná gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀.

Báwo ni kí a ṣe níbi tí ọlọ́pàá tàbí ológun bá ti dá wa dúró?

Ẹ dín eré kù láti òkèèrè, ẹ sọ dígí kalẹ̀, ẹ pa rédíò, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ẹ tan iná inú ọkọ̀. Ẹ kí wọn. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa dáhùn, kí ẹnì kejì dákẹ́, nítorí pé ìdáhùn méjì tó yàtọ̀ síra lórí ibi tí ẹ ń lọ máa ń mú kí wọ́n fura. Ibi ìdádúró yìí máa ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ti ń súnmọ́ Odò Ọya, ẹ jẹ́ kí àkókò rẹ̀ wà nínú ìṣirò yín.

Ṣé òótọ́ ni pé kò yẹ kí a wọ ìhà ìlà-oòrùn lọ́jọ́ Ajé?

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni àṣẹ ìjókòó-sílé ọjọ́ Ajé ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìgbò, ọ̀pọ̀ ọjà, báńkì àti gáréèjì ni ó sì ti tì pa nítorí rẹ̀. Bí ọ̀nà yóò ti rí yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú àti láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ọjọ́ Ajé bá yín ní Bìní tàbí ní Kàlàbá, kí ó má bá yín láàárín Onitsha àti Aba. Ọjọ́rú ni mo fẹ́ràn láti gbéra nílé, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ yóò gbé yín dé Owerri, ọjọ́ Ẹtì yóò sì gbé yín dé Kàlàbá.

Oṣù wo ló dára jù?

Oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó mú dáadáa. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà, àgbàrá ti gbẹ, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe sì ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù Kejìlá kún fún ọkọ̀ àwọn tó ń lọ ṣọdún nílé, afárá Odò Ọya sì máa ń kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàlàbá ń dùn nígbà náà nítorí àjọ̀dún kànífà wọn. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá, omi ni olórí ìṣòro. Ní ọdún 2022, omíyalé gé ọ̀nà Warri sí Port Harcourt, ọkọ̀ kò sì lè kọjá.

Mùsùlùmí ni mí, Kristẹni ni ọ̀rẹ́ mi. Báwo ni a ó ti ṣe é?

Bí a ti ń ṣe é nílé ni. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣàìmọ bí ọmọ ìyá kan ṣe ń lọ mọ́ṣáláṣí tí èkejì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba arìnrìn-àjò láàyè láti gé ìrun onírákà mẹ́rin sí méjì, nítorí náà ìdúró rẹ kò ní pẹ́. Mọ́ṣáláṣí kò wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà mọ́ bí ẹ bá ti kọjá Bìní, ṣùgbọ́n ẹ béèrè àdúgbò àwọn Hausa ní ìlú ńlá tí ẹ bá dé. Ti Kàlàbá ni wọ́n ń pè ní Bogobiri. Kí ọ̀rẹ́ rẹ sì rántí pé bí ọjọ́ Ìsinmi bá bá yín níbẹ̀, tirẹ̀ ni òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Kí ni ó yẹ kí a yà wò lójú ọ̀nà?

Ohun tí mo bá bá yín sọ níhìn-ín lè pọ̀ jù, nítorí pé ọ̀nà yìí ń gba inú ìtàn wa kọjá. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005 kò jìnnà sójú títì. Ní Bìní, ẹ lọ sí òpópónà Igun, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ṣì ti ń da ère bí àwọn baba wọn ti ń dà á. Ẹni tó bá ti Ọ̀yọ́ wá kò gbọdọ̀ wo Bìní bí ìlú àjèjì, nítorí pé ìtàn tiwa ní Ọ̀rànmíyàn tó tẹ Ọ̀yọ́ dó náà ni baba Eweka, ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó ń jọba níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ará Bìní ní bí wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí tiwọn, wọ́n ní ọmọ ọba wọn tó ń jẹ́ Ekaladerhan ló lọ sí Ifẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ààfin onílé kì í ṣe ibi tí àlejò ti ń jiyàn.

Ní ọdún 1897 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó Bìní, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen kúrò nílùú lọ sí Kàlàbá, níbi tí ó wà títí tí ó fi wàjà ní ọdún 1914. Ìlú tí ẹ ń lọ yìí kan náà ni. Bí ẹ bá mọ èyí kí ẹ tó kúrò ní Bìní, ojú tí ẹ ó fi wo Kàlàbá yóò yàtọ̀.

Láàárín wọn ni Odò Ọya wà. Afárá àtijọ́ tó so Asaba mọ́ Onitsha ti wà láti ọdún 1965. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra gbà kọjá ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, tí wọ́n fi gba Bìní, tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ìjà Ọ̀rẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ̀rọ̀ títí di òní nìyẹn. Afárá kejì, tí ìjọba ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ni yóò yára fún ẹni tó ń lọ sí Owerri. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, ẹ gba ti àtijọ́ wọ Onitsha, níbi tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, ti dá iṣẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀ ní ọdún 1857.

Ní Kàlàbá fúnra rẹ̀, ẹ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ilé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1884, kí ẹ sì lọ síbi ibojì Mary Slessor, míṣọ́nnárì ọmọ Scotland tó dé ìlú náà ní ọdún 1876.

Àmàlà ni a mọ̀. Kí ni a ó máa jẹ?

Ẹ̀bà wà níbi gbogbo, ìrẹsì náà wà. Ṣùgbọ́n yóò dùn mí bí ẹ bá lọ tí ẹ bọ̀ láìtọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ wò. Ní ìhà Dẹ́lítà, ẹ béèrè ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní banga, pẹ̀lú oúnjẹ sítáàṣì tó ń fà. Ní Owerri, ẹ béèrè ọbẹ̀ oha. Ní Uyo àti Kàlàbá, afang àti edikang ikong ni, ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń sè é, ó sì kún fún ẹran àti ẹja débi pé kò ní ṣòro fún ẹni tó mọ ẹ̀fọ́ rírò bíi tiwa láti fẹ́ràn rẹ̀. Níbi tí àwọn awakọ̀ bá ti ń jẹun ni kí ẹ ti jẹ, torí pé oúnjẹ ibẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó kàn láti wakọ̀ jẹ òkèlè yó bámúbámú.

Èdè ńkọ́?

Píjìnì yóò gbé yín dé ibi gbogbo. Kí ẹ kọ́ ìkíni kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, nítorí pé ó máa ń rọ ọkàn onílé: "kóyo" ni ti Bìní, "daalụ" ni àwọn Ìgbò fi ń dúpẹ́, "sosongo" ni ti àwọn Efik.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ láàárín ọ̀nà ńkọ́?

Ẹ yà á kúrò lórí títì pátápátá sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ gbé ọ̀pá pupa onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta mítà, kí ẹ má fi ewé nìkan ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ pa á, kí ẹ má sì ṣí ìdérí rádíétọ̀ títí yóò fi tutù, nítorí pé omi gbígbóná inú rẹ̀ ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Kí ẹnì kan má fi ẹnì kejì sílẹ̀ nídìí ọkọ̀ lọ wá mẹkáníìkì bí ó bá jẹ́ inú igbó. Ẹ pe 122, kí ẹ dá ọkọ̀ èrò dúró, kí awakọ̀ rẹ̀ bá yín sọ fún àwọn tó wà níwájú.

Obìnrin méjì ni wá. Ṣé ìmọ̀ràn yìí kan náà ni?

Òun náà ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni pé kí ẹ ti sanwó ilé ìtura sílẹ̀ ní àdúgbò tí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ bá júwe, kí ẹ sì máa fi ibi tí ẹ dé ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí màmá yín nílé, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ó yẹ kí àwọn ọkùnrin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a bá bínú sí ara wa lójú ọ̀nà ńkọ́?

Yóò ṣẹlẹ̀. Ooru, ebi àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Onitsha lè mú ọmọ ìyá méjì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ. Kí ẹni tí inú bí jùlọ má di ìdarí ọkọ̀ mú, ìyẹn ni ó ṣe kókó. Ẹ dúró ní ilé epo tó kàn, ẹ jẹun, ẹ mu omi tútù, kí ẹ má sì yanjú ọ̀rọ̀ náà nínú ọkọ̀ tó ń rìn. Bí ó bá jẹ́ lórí owó, ẹ ṣí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ jọ pín in sí méjì, kí ẹ máa lọ.

Ṣé ọ̀nà kan náà ni a ó gbà bọ̀?

Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè gba Uyo lọ sí Port Harcourt, kí ẹ gba Mbiama, Patani àti Ughelli dé Warri, kí ẹ sì gba Sapele bọ́ sí Bìní. Ọ̀nà yìí yóò fi Rivers àti Bayelsa kún ìpínlẹ̀ tí ẹ dé, odò tí ẹ ó sì kọjá lórí rẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu. Ọ̀nà náà ní ibi tó dára, ó ní ibi tó burú, nítorí náà ẹ béèrè ní gáréèjì Uyo kí ẹ tó yà síbẹ̀. Láti Bìní, ẹ lè gba Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn padà wálé.

Kí ni kí a mú lọ, kí ni kí a sì mú bọ̀?

Bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ ó kí lọ́hùn-ún, ẹ mú èlùbọ́ àti kajú Ògbómọ̀ṣọ́ dání. Bí ẹ bá ń bọ̀, Aba ni ẹ ti máa ra bàtà tí wọ́n rán níbẹ̀, Ikot Ekpene sì ni ẹ ti máa rí àpò, fìlà àti ẹní tí wọ́n fi ìko hun. Ẹ má kó ẹrù lé orí sípíà táyà àti jáàkì, nítorí pé bí táyà bá já lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, gbogbo ẹrù náà ni ẹ ó kó sílẹ̀ sẹ́bàá títì kí ọwọ́ yín tó tó wọn.